Omi Mọ́ Gaara, Ẹja Kú
Ẹ̀kọ́ kan fún ẹ̀yin tí ẹ ń sin epìyà sínú àpótí dígí

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti owó orí. Ọ̀rọ̀ omi ni, àti ti ẹja. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni. Ẹni tó ń sin ẹja sínú ọpọ́n sìmẹ́ńtì lẹ́yìnkùlé, ẹni tó ń ta ẹja láàyè níwájú ṣọ́ọ̀bù, àti ẹni tó gbé àpótí dígí sí pálọ̀ kí àlejò lè rí nǹkan wò, gbogbo wọn ni ó kàn. Owó kò rọrùn láti rí; ẹni tí ẹja bá sì kú mọ́ lọ́wọ́ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo mọ bí ó ti ń dunni tó.

Èmi fúnra mi ni mo ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, n kò sì ní tìtorí ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ọgbọ́n ló fi kọ́ ará ẹ̀yìn.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ìkòròdú ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa ohun abẹ̀mí, mo sì fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ohun ìyanu kan tó wà nínú ọ̀sà wa. Epìyà ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ dúdú tí a ń jẹ lójoojúmọ́ yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sarotherodon melanotheron, bí abo rẹ̀ bá yé ẹyin sílẹ̀, akọ ni í ṣa ẹyin náà sí ẹnu. Ẹnu baba ni ẹyin yóò wà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí yóò fi di ọmọ ẹja. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé irú baba bẹ́ẹ̀ wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa?

Ìdílé ńlá ni epìyà ti wá. Cichlid ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé náà. Àwọn ìbátan rẹ̀ kún inú adágún Malawi àti Tanganyika ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì wà nínú odò Gúúsù Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan wà nínú wọn tí í tóbi ju àwọn yòókù lọ, tí àwọn apẹja ń pè ní Wesafu. Àwọn olùkọ́ àgbà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Kì í ṣe ẹja yẹpẹrẹ ni mo ń sọ o.

Àwọn ọmọ dá owó jọ, mo fi tèmi kún un, a sì ní kí ẹni tó ń ṣe fèrèsé onídígí bá wa kan àpótí kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan àbọ̀, tó sì ga ní ẹsẹ̀ kan àbọ̀. Ó gba omi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 bíi mẹ́wàá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo wọ ọkọ̀ gba Ìtòikín lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo sì dé ọjà Olúwo. Ìyá ẹlẹ́ja kan bá mi ṣa epìyà mẹ́rìndínlógún láàyè sínú kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí. Inú mi dùn. N kò mọ̀ pé mẹ́rìndínlógún ti pọ̀ jù fún àpótí tuntun.

Fún ọjọ́ mẹ́ta omi náà dára. Ní ọjọ́ kẹrin ó funfun bí omi ògì. Mo ní ìdọ̀tí ni. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo fọ òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, mo fọ asẹ́, mo fi kànrìnkàn fọ dígí, mo sì fa omi bóhòlù tuntun sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó tún funfun. Mo tún dà á nù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹja méjì sì kú síbẹ̀. Bí mo bá ṣe ń fọ̀ ọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni omi náà ń rú tó.

Níbi tí a ti ń bá a fà á, ọmọ kan ké lọ́jọ́ kan pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja kan ti wú. Mo sún mọ́ dígí, mo wò ó láàárín omi funfun náà. Òótọ́ ni. Ẹja náà kò jẹun, ó ń rọra ṣí ẹnu, ó ń rọra pa á dé. Ẹyin ló wà lẹ́nu rẹ̀! Ariwo ayọ̀ sọ nínú kíláàsì.

ÁLỌ́Ọ̀MÙ

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn òbí ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ, ní ọjọ́ Jímọ̀. Ó sì dùn mí pé àwọn òbí yóò dé, wọn kò sì ní rí nǹkan kan nínú omi tó rú. Ni mo bá rántí àmù ìyá mi. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí omi odò bá rú nígbà òjò, ìyá mi a mú álọ́ọ̀mù, a fi po omi náà yíká yíká, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, ẹrẹ̀ a ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àmù.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo lọ álọ́ọ̀mù, mo dà á sínú àpótí. Kí n tó ti ilẹ̀kùn kíláàsì, omi ti ń là. Mo ń súfèé lọ sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, omi náà mọ́ gaara. Ènìyàn lè ka òkúta tó wà nísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹja sì ti kú. Àwọn kan léfòó. Baba ẹlẹ́yin wà nísàlẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, ẹyin rẹ̀ sì fọ́n ká orí òkúta bí ìlẹ̀kẹ̀ pupa rúsúrúsú. Àwọn ọmọ dúró yí àpótí ká, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ọmọdébìnrin kan bi mí pé, "Tíṣà, ṣé omi tó mọ́ ló pa wọ́n ni?"

N kò rí èsì kankan fún un. A fi aṣọ bo àpótí náà kí àwọn òbí tó dé.

ÌBÉÈRÈ ÌYÁ ẸLẸ́JA

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo padà sí Ẹ̀pẹ́. Mo ròyìn fún ìyá tó ta ẹja fún mi. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí ọ̀sà.

"Tíṣà, ẹ bojú wo omi yẹn. Ṣé ó mọ́?"

Ìgbà òjò ni, omi sì pọ́n pẹ̀lú ẹrẹ̀ tí àwọn odò gbé wá láti òkè. Mo ní, "Rárá, ìyá mi, kò mọ́."

"Ibẹ̀ ni baba wọn ń gbé, ibẹ̀ ni ìyá wọn ń gbé. Ojú tiyín lẹ fi ń wo omi. Ẹja kò ní ojú yín."

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkọ̀ títí mo fi dé Ìkòròdú. Òun ni gbòǹgbò ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mú lọ́wọ́ lọ sílé: omi tó rú lè jẹ́ omi ìyè fún ẹja, omi tó mọ́ bí dígí sì lè kún fún májèlé. Ohun tó ń pa ẹja, ojú kì í sábà rí i.

Mo wá ìdí rẹ̀ lọ sínú ìwé, mo sì tún bi ọ̀gá kan tó ń sin ẹja ní Odógùnyàn. Ohun tí mo rí nìyí. Álọ́ọ̀mù a máa so ẹrẹ̀ wẹ́wẹ́ pọ̀, a sì fà á lọ sílẹ̀. Kò sí ẹja nínú àmù ìyá mi, nítorí náà kò sí aburú. Ṣùgbọ́n álọ́ọ̀mù a tún máa sọ omi di kíkan. Omi ọ̀pọ̀lọpọ̀ bóhòlù ní àgbègbè Èkó kan díẹ̀ láti inú ilẹ̀ wá, nítorí inú iyanrìn ló ti ń wá, kò bá òkúta ẹfun pàdé tí ìbá mú ìkan náà rọ̀. Bí a bá da álọ́ọ̀mù sí irú omi bẹ́ẹ̀, ó kan jù, alumíníọ̀mù inú álọ́ọ̀mù náà a sì lẹ̀ mọ́ ibi pupa tí ẹja fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹja náà kò ní lè mí mọ́. Inú omi tó mọ́ gaara ni èémí ti pin.

RÍRÚ OMI PÍN SÍ MẸ́RIN

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ irú rírú tí ẹ ní. Ẹ bu omi náà sínú ife dígí ní alẹ́, ẹ gbé e síbi tí kò sẹ́ni tí yóò mì í, kí ẹ sì wò ó ní àárọ̀ pẹ̀lú bébà funfun lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹrẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ife, amọ̀ ni. Iyanrìn tí a kò fọ̀ dáadáa ló fà á. Ìdílé epìyà fẹ́ràn láti máa wa ilẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yé ẹyin, wọn a gbẹ́ ihò, wọn a sì ru gbogbo ìsàlẹ̀ sókè. Ẹ fọ iyanrìn ṣáájú títí omi tó ń dà láti ara rẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ má lo ilẹ̀ pupa tàbí yẹ̀pẹ̀ ọgbà.

Bí omi bá mọ́ nígbà tí ẹ fà á, tó wá pọ́n lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, irin ló wà nínú rẹ̀. Atẹ́gùn ló sọ ọ́ di ìpẹtà. Ẹ fà á sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ máa rò ó, kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ sì rọra da òkè rẹ̀ lò.

Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, oòrùn ló bí i. Ewéko wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Àwọn tó ń sin epìyà sínú adágún a máa fẹ́ ẹ, nítorí oúnjẹ ni fún ẹja. Wọn a ti ọwọ́ bọ omi: bí àtẹ́lẹwọ́ bá fara sin kí omi tó dé ìgúnpá, ó ti ki jù, ẹja sì lè máa mí gúlegúle ní ìdájí, torí pé ewéko yìí kan náà ń bá ẹja mu atẹ́gùn lóru. Nínú àpótí dígí, ẹ gbé e kúrò lójú fèrèsé, kí ẹ sì dín oúnjẹ kù.

Èyí tí kò bá sọ̀ kalẹ̀, tí kì í ṣe àwọ̀ ewé, tó funfun bí omi ògì, tí ẹ dà nù lónìí tó tún padà lọ́tùn-únla, òun ni ọ̀gá wọn. Òun náà ló dà mí lágara.

ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ TÍ OJÚ KÒ RÍ

Kòkòrò àìfojúrí ni funfun náà. Kì í ṣe kòkòrò àrùn. Oúnjẹ tó ṣẹ́ kù àti ìgbẹ́ ẹja ni wọ́n ń jẹ. Bí wọ́n bá rí oúnjẹ tó pọ̀, wọn a pọ̀ ní ìlọ́po méjì kí wákàtí kan tó pé. Ìdí nìyẹn tí omi fi lè mọ́ lálẹ́ kó sì funfun láàárọ̀.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ gidi. Ẹja a máa tú májèlé kan tí a ń pè ní amóníà jáde bó ti ń mí, oúnjẹ tó ń jẹrà náà a sì máa mú un wá. Kò ní àwọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kìíní a sọ amóníà di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé. Àwọn òṣìṣẹ́ kejì a sọ nitrite di nitrate, tí kì í pa ẹja bí kò bá pọ̀. Ará Rọ́ṣíà kan, Sergei Winogradsky, ló yọ irú kòkòrò wọ̀nyí sọ́tọ̀ ní ọdún 1890. Nígbà náà, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ṣí ilé ẹja inú dígí fún gbogbo ènìyàn ní ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù, ní 1853. Àwọn òyìnbó pàápàá sin ẹja tipẹ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kì í yára. Ó ń gbà wọ́n tó bí ọjọ́ kan gbáko kí wọ́n tó pọ̀ ní ìlọ́po méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni àpótí tuntun sì fi ń ní èyí tó tó. Wọn kì í gbé inú omi lásán; ara òkúta, ara asẹ́ àti ara dígí ni ilé wọn. Ẹ wá wo ohun tí mo ń ṣe! Nígbàkigbà tí mo bá fọ òkúta àti asẹ́, àwọn ni mo ń fọ̀ dànù. Bí ẹni tó ń lé àwọn agbálẹ̀ ọjà lọ láràárọ̀ nítorí pé ọjà dọ̀tí ni mo rí. Ta ni yóò wá gbálẹ̀?

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

Èkíní, ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ebi ọjọ́ méjì kò lè pa epìyà tó ti dàgbà. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì ni kí ẹ máa fún wọn, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Àṣejù, baba àṣeté.

Èkejì, ẹ má da gbogbo omi nù. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ẹ pààrọ̀. Nínú àpótí wa, kẹ́ẹ̀gì méjì àbọ̀ ni. Omi tó ti sinmi ni kí ẹ fi dípò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba tí wọ́n fi klórínì sí, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko, nítorí klórínì a máa pa òṣìṣẹ́, a sì máa pa ẹja.

Ẹ̀kẹta, bí asẹ́ bá dí, inú omi tí ẹ bù láti inú àpótí náà ni kí ẹ ti fún un. Ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ẹ má sì fi ọṣẹ kàn án.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dín ẹja kù. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ fi ẹja méjì tàbí mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dúró kí oṣù kan kọjá kí ẹ tó fi kún un.

Ẹ̀karùn-ún, nítorí omi wa tó kan, ẹ fọ ìkarahun ìgbín tàbí ti ìsáwùrú, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ dì í sínú àpò àwọ̀n, kí ẹ sì fi sínú àpótí láti ìbẹ̀rẹ̀. Yóò máa rọra mú ìkan omi rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì fẹ́ràn omi tí kò kan. Ṣùgbọ́n ẹ má dà á wọ̀ọ̀ sínú omi tó ti dọ̀tí pẹ̀lú ẹja nínú rẹ̀. Bí ìkan omi bá ṣàdédé lọ, amóníà inú rẹ̀ a túbọ̀ le sí i.

Ẹ̀kẹfà, nígbà tí omi bá funfun, atẹ́gùn kò tó nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ atẹ́gùn máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Bí iná bá lọ fún wákàtí púpọ̀, ẹ yọ fóòmù asẹ́ kúrò nínú ike rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ sínú omi gbangba kí àwọn òṣìṣẹ́ má bàa kú. Ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré tó ń lo bátìrì wà. Ẹni tó mọ ìṣe iná ilẹ̀ wa yóò ní ọ̀kan nípamọ́.

Èkeje, ẹ máa wo ẹja ju bí ẹ ti ń wo omi lọ. Bí wọ́n bá ń jẹun, tí wọ́n ń lé ara wọn kiri, ẹ fọkàn balẹ̀ bí omi tilẹ̀ rú. Bí wọ́n bá ń gbẹ́nu sókè lójú omi, tí wọ́n ká apá mọ́ra, ẹ tètè pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà, bí ó tilẹ̀ mọ́ gaara. Omi ìdánwò tí a ń kán sínú omi láti mọ̀ bí amóníà bá wà níbẹ̀ wà fún títà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ẹja ọ̀ṣọ́ ní Èkó.

BÓ ṢE PARÍ

A tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tó wà ní Odógùnyàn bu òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀kúnwọ́ méjì fún wa láti inú àpótí rẹ̀ tó ti pẹ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ìdílé tuntun ní tiwa. Epìyà mẹ́ta péré ni mo rà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, omi funfun gẹ́gẹ́ bí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ń yún mi. Mo ti gbé garawa, mo ti ká apá ẹ̀wù sókè, nígbà tí ọmọdébìnrin tó bi mí ní ìbéèrè ọjọ́sí dìde dúró níwájú àpótí.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Wọ́n ń jẹun."

Mo gbé garawa sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá omi náà là fúnra rẹ̀, láìsí álọ́ọ̀mù, láìsí kànrìnkàn. Kí sáà náà tó parí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja kan wú, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ ó la ẹnu, ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ sì tú jáde bí ẹní da ọkà bàbà sílẹ̀. Àwọn ọmọ kà á kà á, wọn kò kà á tán.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí omi yín bá rú, ẹ má ṣe sáré. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ bi ẹja léèrè kí ẹ tó bi ojú yín. Ó dìgbà kan ná.